Ṣé àpérò àwọn onímọ̀ ń ti ìmọ̀ síwájú lóòótọ́?

KokoIdanre_MSc · Mọ́ńdè, 7:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà ni mí ní Àkúrẹ́ níbí. Iṣẹ́ mi dá lórí àrùn tó ń mú kí èso kòkó dúdú kó sì jẹrà lórí igi nígbà òjò, èyí tí gbogbo àgbẹ̀ agbègbè Ìdànrè mọ̀ dáadáa. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n fi àṣamọ̀, ìyẹn àkótán iṣẹ́ mi, ránṣẹ́ sí àpérò kan tí yóò wáyé ní Ìbàdàn. Wọ́n ti gbà á, wọ́n ní kí n gbé pósítà wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀, owó ibi tí mo máa sùn, owó pósítà. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Tí o bá lọ tí o bọ̀, kí ló máa yàtọ̀ nínú ìmọ̀ kòkó?" N kò rí èsì gidi fún wọn. Mo mọ̀ pé ó máa gbé CV mi níyì, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n bèèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí: ṣé àpérò ti yí ẹ̀ka ìmọ̀ kankan padà rí, débi pé ká ní wọn ò pàdé ni, nǹkan ò ní rí bó ṣe rí lónìí? Àpẹẹrẹ tó dájú ni mo ń wá.

Ara_Oba_Ile · Mọ́ńdè, 8:05 àárọ̀

Àbúrò, mi ò ní tàn ẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo lọ nígbà tí mo ń kọ́ni ní poli, torí ìgbéga ni. Wọ́n á fi àdúrà àti orin orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ńlá á sọ̀rọ̀ títí ọ̀sán á fi pọ́n. Ẹni tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ á wá rí ìṣẹ́jú díẹ̀ gbà láti ka pépà rẹ̀, alága á sì ti máa kan tábìlì pé àkókò ti tán. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ẹ̀rí ni gbogbo èèyàn ń tò fún. Fi owó yẹn ra kẹ́míkà fún láàbù rẹ.

Tisa_Kemistri_Ondo · Mọ́ńdè, 9:31 àárọ̀

Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n Ọba-Ilé sọ, irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí èmi náà. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó dájú ni àbúrò bèèrè, ọ̀kan sì wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ SS2 mi nígbàkigbà tí mo bá ti gbé tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ńtì kọ́ ara ògiri.

Ṣáájú 1860, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ò gbédè ara wọn. Gbogbo wọn mọ̀ pé átọ́ọ̀mù ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n wọn ò fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ìwọ̀n náà jẹ́. Kábọ́ọ̀nù jẹ́ 6 lọ́dọ̀ àwọn kan, ó jẹ́ 12 lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ẹnì kan á kọ omi ní HO, ẹnì kejì á kọ ọ́ ní H₂O. Ásíìdì tó wà nínú fíníígà, Kekulé, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, ṣe àkójọ ọ̀nà 19 tí àwọn èèyàn ń gbà kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ rò ó wò: ẹ ka iṣẹ́ ẹnì kan tán, ẹ ò lè fi í wé tiyín, torí ohun tó pè ní kábọ́ọ̀nù kọ́ lẹ̀yin pè bẹ́ẹ̀.

Kekulé fúnra rẹ̀, Wurtz àti Weltzien ló wá ké sí gbogbo ayé kẹ́mísìrì pé kí wọ́n wá sí Karlsruhe, ní Jámánì. Ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, 1860. Nǹkan bí èèyàn 140 ló wá. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta jiyàn, wọ́n sì tú ká láìfẹnu kò síbì kan. Ẹni tó bá bèèrè ní alẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí ni wọ́n rí ṣe, wọ́n á sọ fún un pé asán ni.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn náà ló kàn. Cannizzaro, ará Ítálì, ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pé tí a bá tẹ̀lé èrò tí Avogadro ti gbé jáde láti 1811 nípa iye mólékù inú gáàsì, ìjà ìwọ̀n átọ́ọ̀mù á parí. Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Angelo Pavesi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé pẹlẹbẹ kan káàkiri, èyí tí Cannizzaro ti kọ ní 1858 nípa bó ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lothar Meyer gba ọ̀kan, ó kì í sápò, ó kà á lójú ọ̀nà, ó tún kà á nígbà tó délé. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ṣe ni ìpẹ́ bọ́ lójú òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan náà wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, Mendeleev. Ní 1869, ó to àwọn ẹ́límẹ́ńtì sí tábìlì tí mo gbé kọ́ ògiri kíláàsì mi. Meyer náà ti ń tò wọ́n ní tirẹ̀. Tí ìwọ̀n átọ́ọ̀mù ò bá tíì dúró sójú kan, kí ni wọn ì bá fi tò wọ́n?

Torí náà, àbúrò, iṣẹ́ àpérò kì í sábà hàn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Alapata_Geology · Mọ́ńdè, 11:18 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Tísà. Àpẹẹrẹ yín dára gan-an, ṣùgbọ́n kí àbúrò má lọ rò pé ibikíbi tí àwọn onímọ̀ bá ti péjọ ni òtítọ́ ti ń jáde. Nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta tí èmi kọ́, àpérò wà lára ohun tó ti òtítọ́ sẹ́yìn.

Oṣù kìíní ọdún 1912 ni Alfred Wegener, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Jámánì, dìde níwájú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Frankfurt, tó ní àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé ń rìn. Ó tọ́ka sí bí etíkun Brazil ṣe bá etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níbí mu. Ó tọ́ka sí àpáta tó jọra àti egungun inú òkúta tó jọra ní ìhà méjèèjì òkun. Ní 1926, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ń wá epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà pe àpérò sí New York lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ ló takò ó, àwọn kan sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ́ onímọ̀ ilẹ̀ tó bá ní òun gba Wegener gbọ́ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fi wéwu. Wegener kú sí Greenland ní 1930, kò rí ọjọ́ ìdáláre.

Ó tó nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn àpérò New York kí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà, nígbà tí wọ́n ti wọn ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tí wọ́n sì rí bó ṣe ń là. Ẹ wá wo èyí: oṣù kẹrin 1967, níbi àpérò kan ní Washington, Jason Morgan fi àṣamọ̀ kan sílẹ̀ lórí ọ̀gbun inú òkun nítòsí Puerto Rico. Nígbà tó dórí pèpéle, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ. Ó ṣàlàyé pé ojú ayé pín sí àwo ńláńlá tó ń rìn gba ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí èyí ni ẹ̀ka ìmọ̀ mi dúró lé lónìí. Ẹni tó ka àṣamọ̀ rẹ̀ tó ní òun ò wọlé, ó pàdánù ọjọ́ ńlá.

Ewe_ati_Egbo · Mọ́ńdè, 11:40 àárọ̀

Ẹ fi Mendel kún un, ẹni tó ṣàwárí bí ìrísí òbí ṣe ń bọ́ sára ọmọ. Ó ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀wà píì fún ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ìmọ̀ ìṣẹ̀dá ní Brünn, lẹ́ẹ̀mejì, oṣù kejì àti oṣù kẹta 1865. Wọ́n gbọ́, wọ́n lọ sílé. Ó di 1900 kí ayé tó padà rí i, òun sì ti kú. Àpérò ṣẹlẹ̀ o, kò sì yí nǹkan kan padà.

Tisa_Kemistri_Ondo · Mọ́ńdè, 12:22 ọ̀sán

Alápàta, mo gbà fún yín, àti ẹ̀yin Ewé. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ní Karlsruhe, àwọn tó wá mọ̀ pé àwọn ń jìyà: ìṣirò wọn kò bára mu, ara ń ta wọ́n. Ní New York, ọ̀pọ̀ àwọn tó wá kò rò pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Ní Brünn, kò sẹ́nì kan tó ń bèèrè ohun tí Mendel wá dáhùn. Ibi tí ìbéèrè bá ti ń jó àwọn èèyàn lára ni àpérò ti ń wúlò.

KokoIdanre_MSc · Mọ́ńdè, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí àwọn tó ń ṣe irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣé èyí tó kàn wá níbí wà?

Nosi_Ondo_Town · Mọ́ńdè, 3:47 ọ̀sán

Ó wà, ọmọ mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé tí a bá rí éèdì lára èèyàn, a kàn ń múra sílẹ̀ fún ikú rẹ̀ ni. A ń fọ ọgbẹ́ ẹnu, a ń wẹ̀ wọ́n, a ń fún wọn lómi. Kò sóhun mìíràn lọ́wọ́ wa.

Ní 1996, níbi àpérò àgbáyé lórí éèdì ní Vancouver, àwọn dókítà fi hàn pé tí a bá pa oògùn mẹ́ta pọ̀, aláìsàn á dìde. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ayọ̀ àwọn tó lówó ni. Iye tí oògùn náà ń ná èèyàn kan lọ́dún lé ní 10,000 dọ́là. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tiẹ̀ ń sọ pé Áfíríkà ò lè lò ó, pé kò sí láàbù, pé a ò ní lè tẹ̀lé àkókò oògùn.

Oṣù keje ọdún 2000 ni wọ́n wá gbé àpérò náà wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Durban, ní South Africa. Ààrẹ ilẹ̀ náà nígbà yẹn, Mbeki, ń ṣiyèméjì pé bóyá ni HIV ló ń fa éèdì. Kí àpérò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti dókítà tó lé ní 5,000 ti fọwọ́ sí ìwé kan pé òun ló ń fà á, kò sí àríyànjiyàn. Lọ́jọ́ ìṣíde, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 kan, Nkosi Johnson, tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn náà, dìde nínú aṣọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ, ó bẹ ìjọba kí wọ́n fún àwọn aboyún ní oògùn kí ọmọ má bàa kó o. Adájọ́ kan, Edwin Cameron, tún dìde, ó ní òun náà ní kòkòrò yìí, owó ló jẹ́ kí òun wà láàyè, kò sì bójú mu pé owó ló ń pín ìyè láàárín òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ka òǹkà láti inú ìwé wọn, wọ́n wá rí àwọn tí òǹkà yẹn ń sọ nípa wọn. Ìbéèrè ẹ̀ka ìmọ̀ náà yí padà. Kì í ṣe pé ṣé ó ṣeé ṣe mọ́, ó di pé báwo la ṣe máa ṣe é. Ní oṣù kejì 2001, ilé iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà ní òun á máa ta oògùn náà ní nǹkan bí 350 dọ́là lọ́dún fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ MSF. Ọwọ́ púpọ̀ ló ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò ní sọ pé àpérò nìkan ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fọwọ́ mi ṣe kí oògùn tó dé, mo sì mọ èyí tí mò ń ṣe báyìí: mò ń bá àwọn obìnrin tó ti ń lo oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìsọmọlórúkọ.

Ọmọkùnrin yẹn kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún 12 ni.

Ara_Oba_Ile · Mọ́ńdè, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Mà, ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ sì kú iṣẹ́. Irú èyí yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí mo sọ. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ ká sọ fún àbúrò pé irú Durban kò pọ̀.

Koodu_SouthGate · Mọ́ńdè, 8:52 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kúulé. Ní tèmi, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni, àti ọ̀rọ̀ AI tí gbogbo èèyàn ń sọ báyìí. Orúkọ yẹn gan-an, inú ìwé tí John McCarthy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kọ ní 1955 láti fi tọrọ owó ìpàdé ló ti wá. Ìpàdé náà wáyé ní Dartmouth, ní Amẹ́ríkà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1956. Bí ẹ̀ka ìmọ̀ ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọ̀ tiwa, àpérò ni ọjà. Pépà tó bá wọ àpérò ńlá níyì ju ti ọ̀pọ̀ jọ́nà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ẹni tí wọ́n jọ máa ṣe iṣẹ́ tó kàn. Tí wọn ò bá wá fún ẹ ní físà ńkọ́? Ní 2018, nígbà tí NeurIPS, àpérò ńlá kan lórí AI, wáyé ní Montréal, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n pè ni wọn ò fún ní físà. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2019. Èmi náà ti tọ́ ọ wò níbòmíràn: wọ́n gba pépà wa lórí èdè Yorùbá, mo kó ìwé báǹkì, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìpè, mo lọ sí Èkó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èsì dé lẹ́yìn tí àpérò ti parí, wọ́n ní àwọn ò gbà pé mo máa padà wálé. Ẹni tí a jọ kọ ọ́ ló dá dúró síwájú pósítà wa. Nígbà tí wọ́n bi í bí àmì ohùn ṣe ń yí ìtumọ̀ padà ní Yorùbá, kò lè dáhùn, torí kì í ṣe Yorùbá.

Nǹkan tó tẹ̀lé e ló yẹ kí àbúrò mọ̀. Láti 2017 ni àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ti dá Deep Learning Indaba, àpérò AI tiwọn, sílẹ̀. Johannesburg ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó dé Nairobi, ó dé Accra, ó dé Dakar. Láàárín àwọn tó ń pàdé níbẹ̀ ni Masakhane ti hù ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà. Ní 2021, wọ́n gbé àkójọ kan jáde tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú mọ̀ nínú ìròyìn, ní èdè 10. Yorùbá wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, píjìn wà níbẹ̀. Àpérò ńlá ICLR tiẹ̀ fẹ́ wá sí Addis Ababa ní 2020 kí Kòrónà tó dé. Ó wá sí Kigali ní 2023. Kò sẹ́ni tó fi àánú gbé e wá. Àwọn èèyàn pariwo ni.

Nosi_Ondo_Town · Mọ́ńdè, 9:20 alẹ́

Koodu, ọ̀rọ̀ físà yìí kàn wá náà. Amẹ́ríkà ní òfin tó dí ẹni tó ní HIV lọ́wọ́ láti wọ ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ti San Francisco ní 1990, àpérò éèdì àgbáyé kò tún wáyé ní Amẹ́ríkà mọ́ títí di 2012, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé òfin náà. Wọ́n ní ibi tí aláìsàn ò bá ti lè wọlé, àwọn náà ò ní lọ. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn yan ibi tí òun máa péjọ sí.

Iya_Oluko_Yoruba · Túsìdeè, 6:58 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Kí ẹ má gbàgbé èyí tó wà lójú yín bí ẹ ṣe ń kà yìí. Ní 1875, àwọn ìjọ CMS pe àpérò sí Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ìlànà tó jáde níbẹ̀ ni àwọn ìwé ìsìn àti ti ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, ìlànà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó, wọ́n gbé àbájáde wọn kalẹ̀ ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ìgbà yẹn ni "aiye" di "ayé", tí "enia" di "ènìyàn".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti yẹ iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ wò rí, ẹ ó mọ ohun tí èyí ṣe fún wa. A ò ní jókòó máa jà lórí bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kí a tó dórí ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ. Ohun tí Tísà ń sọ nípa kábọ́ọ̀nù náà nìyẹn. Àwọn kan ṣì ń bínú sí àwọn ìpinnu kan nínú àkọtọ́ yẹn, mo sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí a ń bínú sí, a mọ ibi tí a ti lè gbé e padà wá sórí tábìlì.

Alapata_Geology · Túsìdeè, 8:30 àárọ̀

Èyí tó sún mọ́ wa jù: Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun èèyàn níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 13,000 ọdún. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ìrísí rẹ̀ ti àtijọ́ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń da ìtàn ìran ènìyàn rú ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn ilẹ̀ Áfíríkà ní àpérò tiwọn, èyí tí Louis Leakey pè ní Nairobi ní 1947, ó sì wá sí Jos ní 1983. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìjàpọ̀ tàbí Alágbàka bóyá wọ́n ti gbọ́ orúkọ ihò náà rí. Ó dùn mí. Ayé ń fi egungun ibẹ̀ jiyàn ní àpérò, àwa tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sí lórí ìjókòó.

Agbe_Alade · Túsìdeè, 1:04 ọ̀sán

Ọmọ mi tó ń lo fóònù ló ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí, òun ló sì ń bá mi kọ èyí. Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Àlàdé-Ìdànrè. Mo fẹ́ bi ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí léèrè: ìgbà wo lẹ wá sóko?

Àrùn tí ẹ ń sọ yẹn, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ igi. Èso tó sún mọ́ ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ní àpá rọ́bọ́tọ́ bíi ti iná. Òjò á ta erùpẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, èèrà á máa ru erùpẹ̀ gun igi lọ, á fi mọ ilé kékeré sí ìdí èso, níbi tó ti so mọ́ igi. Èso tí èèrà bá mọlé sí lára, kò ní pẹ́ dúdú. A ti rí èyí kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ fún wa. Àwọn tó ń wá fún wa ní oògùn máa ń sọ pé ká fọ́n ọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ kejì, oògùn ti ṣàn lọ, owó ti lọ. Ṣé wọ́n ń sọ ìyẹn níbi ìpàdé yín? Tẹ́ ẹ bá ń pàdé lórí kòkó tí ẹnì kankan tó ń gbin kòkó ò sí níbẹ̀, kí lẹ ń bá ara yín sọ?

KokoIdanre_MSc · Túsìdeè, 2:36 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti dé oko Ìdànrè, ṣùgbọ́n èso ni mo ká lọ sí láàbù, mi ò wo ìdí rẹ̀ fún èèrà.

Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn bá iṣẹ́ kan mu. Ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan wáyé ní Nàìjíríà níbí lórí àrùn yìí, tó kó àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ. Ọ̀rọ̀ èèrà tó ń ru erùpẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n rí. Ìgbà náà ni wọ́n tún ń rí i pé kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo tí ayé ń pè ní *Phytophthora palmivora*. Ní 1979, Brasier àti Griffin ya èyí tó le jù sọ́tọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní *Phytophthora megakarya*. Ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà nìkan ni èyí wà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Brazil àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó lè máa fi èsì wọn wé ara wọn, láìmọ̀ pé kòkòrò wọn yàtọ̀. Bí mo ṣe ka ti HO àti H₂O, èyí ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Ara_Oba_Ile · Túsìdeè, 3:15 ọ̀sán

Ó dára bẹ́ẹ̀. Tó o bá máa lọ, wádìí àpérò náà dáadáa o. Àwọn kan wà tí owó ni wọ́n ń fi àpérò wá. Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ pé o ti di olùsọ̀rọ̀ pàtàkì, wọ́n ò tíì ka nǹkan kan tó o kọ. Wọ́n á gba àṣamọ̀ rẹ láàárín wákàtí mélòó kan. Gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ láyé ló máa wà nínú ìpàdé kan náà: òfin, ẹ̀kọ́ nípa ẹja, ìṣirò owó. Bèèrè ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀, kó o sì bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kòkó gidi ló pè é, lọ. Bèèrè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ bóyá ọ̀nà wà láti rí ìrànwọ́ owó gbà nílé ẹ̀kọ́, kó o bèèrè kí ọjọ́ tó súnmọ́lé, ìwé náà máa ń pẹ́ lórí tábìlì.

KokoIdanre_MSc · Túsìdeè, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti bi ọ̀gá mi, sà. Àwọn tó pè é jẹ́ onímọ̀ kòkó gidi, mo sì mọ iṣẹ́ méjì nínú wọn. Mo máa lọ. Ìbéèrè tí mo máa gbé dání nìyí: ṣé iye ọjọ́ tí oògùn fi ń wà lára èso tó bá gba òjò la fi ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àbí kàlẹ́ńdà lásán? Mo máa bi gbogbo ẹni tó bá dúró síwájú pósítà mi.

Bàbá Àlàdé, tí ẹ bá gbà mí láyè, mo fẹ́ wá ya àwòrán ilé èèrà yẹn lára èso kí n tó tẹ pósítà jáde. Orúkọ abúlé yín máa wà níbẹ̀. Tí mo bá dé, mo máa wá sọ fún yín àti àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ohun tí wọ́n sọ.

Agbe_Alade · Túsìdeè, 7:22 alẹ́

Wá ní Sátidé, kí oòrùn tó mú. Wọ bàtà tó gùn, ilẹ̀ ń yọ̀. Mú ọ̀gá rẹ dání tí wọ́n bá ráyè, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ nípa oògùn.

Koodu_SouthGate · Túsìdeè, 8:40 alẹ́

Tó o bá fẹ́ tẹ pósítà, sọ fún wọn pé A0 ni, 84 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 119 ní gíga, kó o sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó pè é bóyá òòró ni wọ́n fẹ́ tàbí ìbú. Tẹ̀ ẹ́ sórí fílẹ́ẹ̀sì, kì í ya nínú ọkọ̀. Má kó ọ̀rọ̀ jọ sórí rẹ̀. Fi àwòrán ilé èèrà sí àárín gbùngbùn, kó tóbi débi pé ẹni tó ń kọjá lọ á dúró wò ó. Fi fóònù ya orúkọ gbogbo ẹni tó bá bi ẹ́ ní ìbéèrè láti ara káàdì àyà wọn. Kó o tó kúrò ní Ìbàdàn, fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn.